Kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ wa kó wá wo ilé wọn: ṣé kó forúkọ sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọbìnrin wa àgbà ń parí kíláàsì 11, ọdún tó ń bọ̀ ló máa jáde girama. Ipò 14 ló wà nínú akẹ́kọ̀ọ́ 480. Gbogbo wa ti gbà lọ́kàn pé UT Austin, yunifásítì ìjọba Texas, ló ń lọ, nítorí òfin ìpínlẹ̀ Texas á jẹ́ kí wọ́n gbà á wọlé. Austin ò sì jìnnà. Tí a bá gbéra láàárọ̀, a ti dé kí oòrùn tó kan àtàrí.

Àfi bí kánsẹ́lọ̀ ilé ìwé rẹ̀, ẹni tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, ṣe fún un ní ìwé kan lóṣù tó kọjá. Orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé ẹ̀kọ́ gíga kéékèèké tí wọ́n ti ń gba dìgírì, ló wà nínú rẹ̀: Bowdoin, Williams, Amherst, Carleton, Swarthmore. Wọ́n ní àwọn máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún ọmọ kíláàsì 12 kó wá sùn lọ́dọ̀ àwọn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó jẹun, kó wọ kíláàsì, kó fojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Fly-in ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ò ti sùn dáadáa. Ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún márààrún.

Bàbá rẹ̀ ní rárá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí í ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ tí kò mọ̀ rí láìní ohun tó fẹ́ gbà. Wọ́n ní kí la fẹ́ wá lọ sí ìpínlẹ̀ Maine tí Bowdoin wà nígbà tí Austin wà nílẹ̀, àti pé àwọn ò lè jẹ́ kí ọmọ àwọn obìnrin lọ sùn ní yàrá ẹni tí àwọn ò mọ ìyá rẹ̀. Ohun tó wá dá ìjà sílẹ̀ gan-an ni pé ọmọ náà fẹ́ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa lọ yunifásítì nínú ilé wa. HND ìṣirò owó ni bàbá rẹ̀ ní, láti Pólì Ìbàdàn. Èmi ní NCE. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Tí a bá da owó wa pọ̀, kò ju 61,000 dọ́là lọ lọ́dún, ọmọ mẹ́ta la sì ní. Ṣé kí n jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ ni, àbí kí n gba ti bàbá rẹ̀?
Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Houston, Texas

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n méjì ni kó mú nínú márààrún. Mo fẹ́ kí bàbá rẹ̀ náà ka èsì yìí, nítorí ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Lọ́dún 2003, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà gba àkọ́bí mi wọlé. Wọ́n fún un ní sikọ́láṣíìpù tó gbé ìdajì owó, wọ́n sì fi ìwé aláwòrán kan ránṣẹ́: odò, igi tí ewé rẹ̀ pọ́n bí osùn, àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lórí koríko. Orí ìwé yẹn la ti yan ọdún mẹ́rin fún ọmọ. A ò lọ wo ibẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ènìyàn méjì kò sí, mi ò sì mọ̀ nígbà náà pé kọ́lẹ́ẹ̀jì wà tó ń sanwó kí ọmọ wá wo òun. Nígbà tí oṣù Kọkànlá dé, ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, “Mọ̀mí, aago márùn-ún ò tíì lù, ilẹ̀ ti ṣú.” Bọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ ní ìlú náà ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Kó tó rí ẹni tó mọ irun rẹ̀ gẹ̀, àfi kó bẹ ẹni tó ní mọ́tò, kí wọ́n sì rin ìrìn ìṣẹ́jú 50. Kò sẹ́ni tó ṣe é níbi. Ibẹ̀ kàn kì í ṣe ibi tirẹ̀ ni. Ọdún kan péré ló lò. Ilé ìwé tó lọ lẹ́yìn náà kò gba gbogbo kọ́ọ̀sì tó ti ṣe, ó sì di ọdún 2014 kó tó san gbèsè ọdún kan yẹn tán. Ká ní ó ti sùn níbẹ̀ lóru méjì péré kí á tó sanwó, ì bá ti mọ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo ṣe lọ wáṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn kánsẹ́lọ̀ ní ilé ìwé girama ìjọba kan níhìn-ín ní Houston lọ́dún 2005. Ọdún 19 ni mo lò níbẹ̀. Lára ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fi ń dá yín lóhùn.

Bàbá ọmọ ní kò sẹ́ni tí í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ láìfẹ́ gba nǹkan. Òótọ́ ni. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń wá nǹkan, irú ọmọ yín gan-an ni wọ́n sì ń wá. Ẹ wo ibi tí wọ́n wà. Bowdoin wà ní Brunswick, ní Maine, ó lé ní 1,800 máìlì sí ilé yín lójú títì. Williams wà láàárín àwọn òkè ní Williamstown, ní Massachusetts, tó fi jẹ́ pé Albany ní ìpínlẹ̀ New York ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wọ bàlúù ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó tún wọ mọ́tò fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ọmọ olówó tó ń gbé ní Boston, bàbá rẹ̀ á wà á kiri kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ilé ìwé gba ìsinmi. Ọmọ awakọ̀ akẹ́rù ní Houston kò ní kọjá níbẹ̀ láé, kò sì ní kọ orúkọ wọn mọ́ ibi tó fẹ́ lọ. Tí wọ́n bá jókòó tẹtẹrẹ, irú ọmọ kan náà ni wọn yóò máa rí lọ́dọọdún. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wá àwọn yòókù. Kò sí ìwé àdéhùn pé ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ padà wá kàwé níbẹ̀, wọn kì í sì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó kí ọmọ tó wọ irú ètò yìí, ẹ sá fún un.

Tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ń kọ ọ́ gbangba pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké ni àwọn ń pè. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì má fi ẹ̀yà gba ọmọ wọlé mọ́, ọ̀pọ̀ sì ti yí èdè náà padà láti ìgbà náà. Ohun tí wọ́n sábà ń béèrè báyìí ni iye tó ń wọlé fún òbí, àti bóyá òbí kàwé dé yunifásítì. Ibẹ̀ sì ni ìjà ilé yín ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ìdí tó fi dun bàbá rẹ̀. Ènìyàn ṣe OND, ó lọ fi ọdún kan ṣe IT, ó padà wá fi ọdún méjì ṣe HND, ó sin ìlú, ó wá dé ẹnu iṣẹ́, wọ́n ní òun àti ẹni tó ní BSc kì í ṣe ẹgbẹ́. Mo ní àbúrò ọkùnrin tó fi ojú ara rẹ̀ rí i, tí àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ di ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba irú ìyà yẹn ní Nàìjíríà, tó wá dé Amẹ́ríkà tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kí ọmọ lè kàwé, tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó kàwé nínú ilé, ó yẹ kó dùn ún. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù lè dúró dìgbà tó bá ti ṣe ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, kó má fi ọ̀rọ̀ yìí dábàá. First-generation ni orúkọ rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba níbi gbogbo. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ni ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò gba dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin. Àwọn kan á ka dìgírì tí òbí gbà ní òkè òkun, àwọn mìíràn ò kà á. HND kì í ṣe dìgírì lórúkọ, ṣùgbọ́n tí a bá yọ ọdún IT kúrò, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kàwé. Kí ọmọ yín kọ ímeèlì kúkúrú sí ọ́fíìsì tó ń gba ọmọ wọlé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan: bàbá mi ní Higher National Diploma láti Nàìjíríà, ìyá mi ní Nigeria Certificate in Education, ṣé ẹ kà mí mọ́ first-generation? Èsì tí wọ́n bá fún un ni kó tẹ̀lé, kó sì tọ́jú ímeèlì náà. Ọmọ kan kọ ọ́ láìbéèrè nígbà kan lójú mi. Lẹ́tà tí olùkọ́ rẹ̀ kọ fún un wá mẹ́nu ba dìgírì tí ìyá rẹ̀ gbà ní Ifẹ̀. Ọmọ náà kò purọ́, kò kàn béèrè ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń ṣàlàyé.

Tí wọ́n bá ní àwọn ò kà á mọ́ ọn, kó má bọkàn jẹ́. 61,000 dọ́là fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, ìyẹn nìkan tó láti mú wọn wo ìwé rẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá sì ní kó kọ nípa ilé tó ti wá, kó kọ nípa bàbá rẹ̀: ẹni tó ní HND ìṣirò owó, tó ń wa ẹrù kiri Amẹ́ríkà. Kí bàbá rẹ̀ kà á kó tó fi ránṣẹ́.

Ní ti Austin, kò sẹ́ni tó ní kó fi í sílẹ̀. Láti 1997 ni òfin Texas ti sọ pé kí yunifásítì ìjọba gba àwọn tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní kíláàsì wọn. Ti UT Austin ti dín kù nítorí èrò tó pọ̀, ó ti di 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó ń wọlé láti ọdún 2026. Ipò 14 nínú 480 kò tó 3 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ọmọ yín wà nínú ilé, bó bá ti lè di ipò náà mú. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí wa kì í mọ̀ ni pé òfin yẹn gbà á wọ yunifásítì ni, kò gbà á wọ iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjiníà ló fẹ́ ṣe, wọ́n ṣì lè ní àyè kún. Owó náà tún wà níbẹ̀. UT ti ṣèlérí láti ìgbà ìwọ́wé 2025 pé ìdílé tí owó wọn kò ju 100,000 dọ́là lọ kò ní san owó ẹ̀kọ́. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ ni wọ́n wí, wọn kò ka ilé àti oúnjẹ mọ́ ọn. Bowdoin, Amherst, Williams àti Swarthmore máa ń ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ilé, oúnjẹ, ìwé, wọ́n sì ń fi owó tí a kì í dá padà dí ohun tí apá òbí kò ká, láìfi ẹ̀yáwó sí i. Lórí ìwé, iye tí wọ́n ń pè lọ́dún kan ju gbogbo owó tí ẹ̀yin méjèèjì ń gbà lọ. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di dandan láti 2011 pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ ìṣirò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, net price calculator, tí ẹ máa fi iye tó ń wọlé fún yín sí, tó máa sọ iye tí ẹ ó san. Ẹ gbé ìwé owó orí yín jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀yin méjèèjì àti ọmọ, kí ẹ ṣe é fún Austin àti fún kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì tó bá yàn. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ẹ bá rí ni yóò parí ìjà.

Kí ló dé tí mo fi ní méjì? Òfin Texas gba ilé ìwé láàyè láti fún ọmọ ní ọjọ́ méjì péré ní kíláàsì 12 láti lọ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì, láìkà á sí pé ó pa ilé ìwé jẹ. Ètò kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ ní Tọ́sìdeè tó sì parí ní Sátidé ti jẹ ọjọ́ méjèèjì. Yàtọ̀ síyẹn, aáyan ló wà nínú ìwé tí wọ́n ń ní kí ọmọ kọ. Oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pa fọ́ọ̀mù wọn dé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ sì ni fọ́ọ̀mù Common App tó máa fi wọlé gan-an ń ṣí. Ọmọ tó ń kọ àròkọ mẹ́wàá nítorí ìbẹ̀wò, kí ló máa ṣẹ́ kù fún un láti kọ nítorí ìwọlé? Mo ti rí ọmọ tó wọ ètò mẹ́rin, tó rin ìrìn àjò mẹ́rin, tí máàkì físíìsì rẹ̀ já kalẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ìgbà tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kan náà ń ka èsì rẹ̀.

Kí méjèèjì má jọra. Tó bá jẹ́ èmi, màá mú ọ̀kan tó wà ní ìlú kékeré, bíi Bowdoin tàbí Carleton ní Northfield, Minnesota, níbi tí òtútù yóò ti sọ òtítọ́ fún un. Màá sì mú Swarthmore tí kò ju nǹkan bíi máìlì 11 lọ sí Philadelphia, tí ibùdókọ̀ ojú irin wà lẹ́bàá ọgbà rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó fi yan wọn: tí wọn ò bá tiẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣé ó ṣì máa kọ̀wé síbẹ̀? Tí kò bá ní kọ ọ́, kó fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Kó má rò pé lílọ síbẹ̀ ti di gbígbà wọlé. Ọ̀pọ̀ ló lọ tí wọn ò gbà, ọ̀pọ̀ ni wọn ò mú lọ tí wọ́n sì gbà lẹ́yìn náà. Tí wọn ò bá mú un nígbà ìwọ́wé, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tún máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kẹrin fún àwọn ọmọ aláìní tí wọ́n ti gbà, kí wọ́n wá wò ó kí ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún tó pé tí wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì. Kó tún bi kánsẹ́lọ̀ rẹ̀ léèrè nípa QuestBridge, àjọ tó ń so ọmọ aláìní tó mọ̀wé pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, nítorí òpin oṣù Kẹsàn-án ni fọ́ọ̀mù wọn ń pa. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tí owó wọn kò tó 65,000 dọ́là ni wọ́n sábà ń wò, kọ́lẹ́ẹ̀jì márààrún tó wà lórí ìwé yín ló sì ń bá wọn ṣe.

Ó ku ti yàrá tí bàbá rẹ̀ ò mọ onílé rẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa tí wọ́n béèrè. Kí wọ́n gbé fóònù, kí wọ́n pe ọ́fíìsì náà fúnra wọn, kí wọ́n má rán ọmọ. Ta ló máa gbà á sílé, ṣé obìnrin ni? Ṣé obìnrin nìkan ló wà ní àjà náà? Aago mélòó ni kó ti wọlé? Kí ni òfin ọtí fún ẹni tó gba àlejò? Ta ló máa pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, nọ́ńbà ta ni kí ó pè ní aago méjì òru? Ọ́fíìsì tó mọṣẹ́ rẹ̀ máa dáhùn gbogbo rẹ̀ láìbínú. Tí wọn ò bá lè dáhùn, kí ọmọ má lọ síbẹ̀, màá gbè sẹ́yìn bàbá rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ orúkọ tó máa kọ. Lọ́dún 2010, ọmọ mi obìnrin gba irú ìpè yìí láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Maine. Orúkọ tí ìyá mi sọ ọ́, tí gbogbo wa fi ń pè é, ló kọ sí fọ́ọ̀mù, òun sì ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ orúkọ mìíràn ló wà lórí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò la tó rí i. Wákàtí méjì la lò lórí fóònù kí wọ́n tó tún un ṣe. Tí ọmọ yín bá ti pé 18 kí ọjọ́ náà tó dé, kó ti ní REAL ID (ìwé ìdánimọ̀ ìpínlẹ̀ tó bá ìlànà ìjọba àpapọ̀ mu), páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìdánimọ̀ mìíràn tí wọ́n ń gbà ní pápákọ̀ òfuurufú, bó ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2025.

Ọmọ mi yẹn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ nílẹ̀ yàrá ọmọbìnrin kan tí òbí rẹ̀ wá láti Ghana. Ó wọ kíláàsì báyọ́lọ́jì tí ènìyàn méjìlá wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ wọn dùn mọ́ ọn, àwọn olùkọ́ wọn wù ú. Mo ti kọ́ ọ ní ohun tó máa béèrè, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ilé wọn rí bíi tiwa, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń mú wọn yí ọgbà ká: níbo lẹ ti ń dirun? Ta ló ń san owó ọkọ̀ tí ẹ fi ń relé ní Kérésìmesì? Tí wọ́n bá ti ilé oúnjẹ pa nígbà Thanksgiving, kí lẹ ń jẹ? Owó wo lẹ san tí kò sí nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín? Nígbà tó padà dé, inú ọkọ̀ ló ti sọ fún mi pé, “Mọ̀mí, ilé ìwé yẹn dára gan-an, ṣùgbọ́n mi ò lọ. Mo fẹ́ ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá.” Ó lọ sí ìtòsí ìlú ńlá, ó lo ọdún mẹ́rin pérépéré, ó jáde. Èrè ìrìn àjò Maine nìyẹn. Bí ọmọ yín bá lọ tó padà wá sọ pé Austin ni òun ń lọ, ìrìn àjò náà kò ṣòfò.

Bó bá sì padà dé tí orí rẹ̀ ń wú, tó ní kí ẹ fọwọ́ sí Early Decision ní oṣù Kọkànlá, ẹ dúró. Ìwé yẹn so ọmọ mọ́ ilé ìwé kan ṣoṣo. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sí i, ẹ tún ìṣirò owó náà ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ kan bírò.

Kí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó máa gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Hobby láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó máa nílò ẹ̀wù òtútù tó nípọn, wọn kì í ta irú rẹ̀ dáadáa ní Houston. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti oṣù Kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ SS3 ni mí ní Ìbàdàn. Mo gbọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún akẹ́kọ̀ọ́ kó wá wo ọgbà wọn. Ẹnì kan ní kí n mú 150,000 náírà wá kí òun bá mi forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti yá mi lówó náà. Ṣé kí n san án?
Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ìbàdàn

Ọmọ mi, má san án. Àwọn tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń lọ ilé ìwé girama níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ jù lọ ètò yìí wà fún. Wọn kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Èkó. Àwọn tó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i pàápàá kì í san kọ́bọ̀, nítorí náà ẹni tó ń gba 150,000 náírà kò ní nǹkan kan tó fẹ́ tà fún ọ.

Ohun tó wà fún ọ ni ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, níbi tí o ti lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn fúnra rẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti Amherst àti Bowdoin, nítorí wọ́n wà lára ìwọ̀nba kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kì í wo àpò òbí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó pinnu bóyá àwọn máa gbà á wọlé. EducationUSA náà ní ọ́fíìsì ní Èkó àti Àbújá. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ló wà lẹ́yìn wọn, wọn kì í ṣe àgẹ́ǹtì. Kọ̀wé sí ti Èkó.

Dá owó ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ padà lónìí, kó tó di pé ẹni yẹn tún pè ọ́.